Ìròyìn Ikú Ọ̀gbẹ́ni Brandvold

Ní iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn wa ní Duluth, ní Amẹ́ríkà, a kì í dúró kí gbajúmọ̀ kú ká tó kọ ìròyìn ikú rẹ̀. A máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ dè é.

Lónìí, Lyle Brandvold fúnra rẹ̀ ló pè mí lórí fóònù láti ilé ìtọ́jú arúgbó.

Ogún ọdún ló fi ròyìn ogun láti Beirut, kó tó padà wá ṣe olóòtú ìwé ìròyìn yìí. Ó fẹ́ gbọ́ tirẹ̀ kó tó kú.

Mo ń kà á fún un.

"Nabil, dírẹ́bà tó fara gba ọta tó yẹ kó ba Brandvold..."

"Gé e. Ta ló mọ̀ ọ́n ní Duluth?"

Mo gé e.

"Ìyàwó rẹ̀, Solveig..."

"Ó kọ̀ mí sílẹ̀. Gé e."

Mo gé e.

"Ọmọ ńkọ́, sà?"

Ó wúkọ́. "Ọ̀kan ṣoṣo. Tí mo bá ti Beirut wálé, á sá pamọ́ bí ẹni rí àjèjì. Kọ ọ́ pé mi ò bímọ."

Ọwọ́ mi dúró lórí kọ̀ǹpútà.

"Àbí o ti sùn lọ ni?"

"Rárá, sà. Mo ti kọ ọ́: 'Kò bímọ.'"

Ó rẹ́rìn-ín. "O mọṣẹ́ o! Ọmọ ta ni ẹ́ ná?"

"Ọmọ ẹni tí kò bímọ ni mí, Dádì."