Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn Irin

"O ò gbọdọ̀ yí nǹkan kan padà nínú géèmù yìí!" Brọ̀dá Akínlàjà gbá tábìlì nínú ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní Ìkòtún. Sùtánà tó wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Aṣegéèmù tó ń bá wí gbọ́wọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Orí tábìlì ni wọ́n ti ń ju dáìsì ṣe eré yìí kó tó di géèmù kọ̀ǹpútà ní ogún ọdún sẹ́yìn. Aṣegéèmù yìí ló ń tún un ṣe báyìí kó lè tà á. Bí Brọ̀dá, olórí ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ràn géèmù náà, bá kọ̀ ọ́, kò sẹ́ni tó máa rà á.

"Láti Ìjẹ̀gùn dé Ìkòtún, èmi nìkan ni mo ṣí ilẹ̀kùn irin tó kẹ́yìn nínú géèmù yẹn. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe wà ni kó ṣe wà, jàre!"

Aṣegéèmù yẹ kóòdù àtijọ́ tó ń darí géèmù náà wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò sí iye tí èèyàn lè jù lórí dáìsì tó lè ṣí ilẹ̀kùn yẹn láé. Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an, òfìfo ni.

Ṣùgbọ́n wọn kì í pe àgbà lópùrọ́, pàápàá àgbà tí ẹgbẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ rán mi létí, kí lẹ bá níbẹ̀?"

Brọ̀dá wòkè. "Ẹ̀n-ẹ́n... odò kan ni."

Aṣegéèmù bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ odò sẹ́yìn ilẹ̀kùn náà nínú kóòdù. "Ṣé ó jìn, sà?"