Igi Kan Tó Kù

Olùtọ́jú igi náà kúnlẹ̀ nídìí ìkòkò tí wọ́n gbìn ín sí, ewé mìíràn tún já bọ́. Ewúrẹ́ ti jẹ irú igi yìí tán ní erékùṣù tó ti ń hù. Èyí nìkan ló kù láyé. Nígbà tí hita tó ń mú ibi iṣẹ́ móoru bàjẹ́ nínú yìnyín ló gbé e wá sílé ní Langley Park, nílùú òyìnbó.

"Jésù, má jẹ̀ẹ́ kó kú mọ́ mi lọ́wọ́!"

"Kò ní í kú," ni ìyá ẹ̀ tó wá kí i láti Ọ̀yọ́ wí. "Ṣebí o ní ọmọ ẹ ni. Láràárọ̀ ni mò ń fi omi iyọ̀ wúre fún un, kí ayé ẹ̀ lè dùn."

Olùtọ́jú náà fọwọ́ kan yẹ̀pẹ̀, ó tọ́ ọ wò. Iyọ̀ ni.

"Mo tiẹ̀ ti sọ ọ́ lórúkọ," ni Màmá ń wí. "Dúrójayé ni."