Ẹ̀gbọ́n Wa Ikán

"Màmá, ẹ gbé agolo oògùn ikán yẹn sílẹ̀! Ẹ̀gbọ́n yín ni wọ́n!"

"Ẹ̀gbọ́n wo? Ẹ̀gbọ́n tó ń jẹ òpó ilé mi!"

Ó ti rẹ Màmá Morónfólú. Láti òwúrọ̀ ló ti kúnlẹ̀ kí èèrà kó tó gbálẹ̀, ó kí aáyán kó tó dáná, eékún rẹ̀ ti bó. Òfin ni: ẹ̀dá tí ìran rẹ̀ bá dáyé ṣáájú ènìyàn, àgbà ni, a ò gbọdọ̀ pa á láìkúnlẹ̀ tọrọ àyè.

Lásúnkànmí, agbófinró, na gíláàsì tó fi ń wo ìran ẹ̀dá sí i. Igi ẹbí tàn nínú rẹ̀: ìlà iná kan gbéra níbi orúkọ Màmá, ó gba ẹ̀ka ọ̀bọ àti ti ẹja sọ̀ kalẹ̀ dé gbòǹgbò, ó tún gun ẹ̀ka mìíràn lọ bá ikán.

"Ẹ rí i? Orírun kan náà lẹ ti wá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ máa kí wọn."

"Ọ̀kọ̀ọ̀kan kẹ̀! Kí n tó kí wọn dé ìdajì, òrùlé á ti wó pa mí. Ìwọ alára, ṣé o máa ń kí wọn?"

"Èmi ò fojú di àgbà rí, Màmá."

"Ó dáa. Ẹ̀fọn kan ti bà sí ọ lọ́rùn, ẹ̀gbọ́n ẹ ni. Kúnlẹ̀ kí i."

Lásúnkànmí kúnlẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la ẹnu ni ẹ̀fọn náà ki ẹnu bọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Pàá! Ọwọ́ Lásúnkànmí ti gbá a pa.