Abọ́ Tí Ọ̀gá Ń Fi Pamọ́

Ọ̀gá tún ń ti abọ́ àyẹ̀wò kan wọ kọ̀rọ̀ fìríìjì.

Ojú Àṣá, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, rí i. Wọn ò kúkú fi orúkọ yẹn pè é lásán.

Oògùn tuntun tí wọ́n ń dán wò ti pa gbogbo kòkòrò àrùn inú àwọn abọ́ yòókù.

Kí ló wá dé tí ọ̀rọ̀ ń kú sí Ọ̀gá àtàwọn òṣìṣẹ́ yòókù lẹ́nu tóun bá ti wọlé?

Ìfura loògùn àgbà. Ó fa abọ́ náà yọ.

Kòkòrò ti hù bò ó, títí dé ibi tí wọ́n kán oògùn sí; oògùn ò ràn án.

"Ẹ fẹ́ lu àwọn tó máa ra oògùn yìí ní jìbìtì, Ọ̀gá?"

"Rárá. Ìwọ là ń fi í pamọ́ fún."

Ọ̀gá ò lè wò ó lójú.

"Ojú egbò ìyá ẹ ni kòkòrò yẹn ti wá."