Bámgbóyè Ẹlẹ́rọ àti Ohùn Tí Kò Gbọ́ Tán

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí tán. Ẹ má ka ìdajì kí ẹ wá fò dìde. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́ wa níbí, ojú rẹ̀ rí màbo. Ọpẹ́lọpẹ́ obìnrin méjì ló fi ń gbójú sókè láàárín ènìyàn lónìí.

Bámgbóyè lorúkọ rẹ̀, bàbá Tóyìn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kó ẹ̀rọ ìránṣọ àtijọ́ jọ, kó sì máa tún wọn ṣe. Ẹ mọ àwọn Síńgà dúdú tí àwọn ìyá wa fi tọ́ wa, tí adìẹ ti ń yé sí lábẹ́ nínú yàrá ẹ̀yìn? Àwọn yẹn gan-an. Ó máa ń wá wọn dé Àgbàdo, dé Òmùò. Á rẹ wọ́n sínú kẹrosíìnì, á ha ìpẹtà wọn, á fi ọ́ìlì sí wọn. Ẹ̀rọ tí kò dún láti ayé ológun á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣọ. Ìsọ̀ rẹ̀ kún fún wọn, inú rẹ̀ sì máa ń dùn tó bá ń wò wọ́n.

Lọ́jọ́ kan, Adéfúnkẹ́ tó ń dáko kòkó gbé ẹ̀rọ ìyá rẹ̀ tó ti kú wá.

"Bàbá Tóyìn, ẹ bá mi jí i o. Òun ni Ìyé mi fi tọ́ wa. Doyinsọ́lá ọmọ mi tó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ máa gba fírídọ̀mù ní Sátidé tó ń bọ̀, òun ni mo fẹ́ gbé síwájú rẹ̀. N kò ní òmíràn."

"Ẹ fọkàn balẹ̀," ni Bámgbóyè wí. "Ó ti wà lọ́wọ́ mi."

Ó tún un ṣe lóòótọ́. Ó ń dán gbinrin. Ó ku bẹ́líìtì nìkan.

Àfi bí ẹnìkan ṣe fi ohùn kan ránṣẹ́ sí i lórí Wọ́sáàpù. Ohùn náà ní: "Ẹ gbọ́ o! Mẹ́kúrì pupa tí òyìnbó ń fi owó ńlá rà wà nínú ẹ̀rọ ìránṣọ àtijọ́! Ẹ gbé fóònù yín sún mọ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ, ó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá rí i, ìṣẹ́ rẹ̀ tán!"

Ohùn náà ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ. Bámgbóyè pa á, ó gbé fóònù sún mọ́ abẹ́rẹ́. Nẹ́tíwọ̀kì lọ!

Ẹ̀yin ará Ìkẹ́rẹ́, ẹ bá mi dá sí i. Ìsọ̀ tó wà lábẹ́ àpáta Olósùnta, ìgbà wo ni nẹ́tíwọ̀kì dúró níbẹ̀ rí? Òun fúnra rẹ̀, orí àga ló máa ń gùn kó tó lè pe ìyàwó rẹ̀! Ṣùgbọ́n ojúkòkòrò ti dé, ọgbọ́n ti sá lọ.

Ó ti ìlẹ̀kùn, ó mú òòlù. Ó fọ́ tirẹ̀ kan, kò rí nǹkan kan. Ó fọ́ òmíràn, ìdọ̀tí òwú ló bá níbẹ̀. Gbogbo ohun tó ti ń kó jọ láti ọjọ́ pípẹ́ wá, ó fọ́ wọn pátá. Ó ku ti Adéfúnkẹ́.

Ọkàn rẹ̀ ní, "Ìwọ ọkùnrin yìí, ohun olóhun ni o." Ó tún ní, "Èyí tó pẹ́ jù ló máa wà nínú rẹ̀." Ó bá là á mọ́lẹ̀. Ẹ mọ ohun tó rí? Ọ́ìlì tí òun fúnra rẹ̀ fi sí i lánàá.

Bí ìyàwó rẹ̀, Fọláyẹmí, ṣe wọlé nìyẹn.

"Yéè! Bàbá Tóyìn, kí ló ṣe yín?"

Ó na fóònù sí i. Fọláyẹmí tẹ ohùn náà, ó gbọ́ ọ kọjá ibi tí ọkọ rẹ̀ ti pa á. Ohùn náà ní: "Bí àwọn oníjìbìtì ṣe máa wí fún yín nìyẹn. Irọ́ gbuu ni o! Ẹ má fọ́ ẹ̀rọ yín, ẹ má sì tà á fún wọn."

Bámgbóyè jókòó sílẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó kó ti Adéfúnkẹ́ lọ sọ́dọ̀ ajórin. Ajórin mi orí. "Bọ̀dá, irin tí wọ́n yọ́ dà nìyí, kò ṣeé jó pọ̀. Bí mo bá fi iná sí i, á tún là sí i ni."

Nígbà tí Adéfúnkẹ́ dé, ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Obìnrin náà kó àfọ́kù náà sínú aṣọ rẹ̀, ó ń sunkún.

"Ẹ̀rọ uṣẹ́ Ìyé mi rèé, Bàbá Tóyìn? Kí ni mo fẹ́ gbé síwájú ọmọ mi lọ́la?"

Fọláyẹmí dìde. Ó lọ sílé, ó sì gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ dé, èyí tí ọkọ rẹ̀ tún ṣe fún un nígbà tí wọ́n fẹ́ ara wọn, tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn.

"Ẹ gbé e fún Doyinsọ́lá."

"Kí ni ìwọ ó wá fi ránṣọ?" ni Adéfúnkẹ́ bi í.

"Ọkọ mi á tún òmíràn ṣe fún mi. Ọwọ́ rẹ̀ kò kúkú kán."

Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ̀yìn èrò ni Bámgbóyè fara pamọ́ sí. Wọ́n gbàdúrà tán, ó ku kí wọ́n fi ọ́ìlì sí ẹ̀rọ kí ọmọ tó rán ojú abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Ni Adéfúnkẹ́ bá pè é.

"Bàbá Tóyìn, ẹ wá fi ọ́ìlì sí i."

"Èmi kẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni mo fọkàn tán tẹ́lẹ̀. Mo ti dárí jì yín. Ẹ máa bọ̀."

Omijé bò ó lójú, ọ́ìlì ń dà sílẹ̀. Doyinsọ́lá rọra di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Bàbá mi, ó ti tó." Ọmọ náà yí ẹ̀rọ, ó dún kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́. Bámgbóyè kúnlẹ̀ níbẹ̀, ó ń sọ pé, "Ẹ ṣé o. Ẹ ṣé. Ọlọ́run má jẹ́ kí n gbàgbé oore yín."

Kò sì gbàgbé. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tó tún ṣe lẹ́yìn ìgbà náà, iwájú Fọláyẹmí ló gbé e sí.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo bẹ̀ yín. Ọ̀rọ̀ tí ẹ kò gbọ́ tán, ẹ má torí rẹ̀ gbé òòlù. Ohun tí wọ́n fi síkàáwọ́ yín, ẹ má fi ojúkòkòrò bà á jẹ́. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ní Fọláyẹmí nílé, kì í sì í ṣe gbogbo olóhun ló ní ọkàn Adéfúnkẹ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.