Kọ̀ǹpútà Kò Mi Táyà Wò

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ àti ẹ̀yin tí ẹ ní àfẹ́sọ́nà, ẹ ka ìtàn yìí dé òpin, ẹ má sáré.

1. Ọkùnrin kan wà tó ń to ẹsẹ̀ ọkọ̀ kó lè máa rìn tààrà, iṣẹ́ tí a ń pè ní àláìmẹ́ǹtì. Látọjọ́ tó ti ra ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tuntun tí a fi ń wọn ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni wọ́n ti ń pè é ní Kọ̀ǹpútà, orúkọ náà sì ń pa á bí ọtí. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ti kìlọ̀ pé kó tó to ẹsẹ̀ ọkọ̀ kankan, kó fi jáàkì gbé e, kó di táyà mú lókè nísàlẹ̀, lọ́tùn-ún lósì, kó mì í. Bó bá ń dún gbọ̀gbọ̀, bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì, oríkèé irin tó di ẹsẹ̀ táyà mú, ti jẹ nìyẹn, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ ná. Kọ̀ǹpútà ní iṣẹ́ ayé àtijọ́ nìyẹn.

2. Ó fẹ́ fẹ́ ọmọ awakọ̀ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì. Bàbá ní òun ò bèèrè nǹkan míì, kó ṣáà bá òun to ẹsẹ̀ ọkọ̀ òun, torí sítíárìn ń fà sósì. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìdánwò ni.

Bàbá àti ọmọ gbé ọkọ̀ dé. Kọ̀ǹpútà ti lọ aṣọ iṣẹ́, ó ti fín lọ́fínńdà. Kò fọwọ́ kan táyà, kí ọwọ́ rẹ̀ má baà dọ̀tí níwájú àna. Ó so ẹ̀rọ mọ́ ọn, ó ń yí nọ́ọ̀tì títí ojú ẹ̀rọ fi di àwọ̀ ewé, pé ó ti tọ́.

"Ṣé o mi táyà wò?" Bàbá bi í.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, bàbá. Ẹ̀rọ ti rí gbogbo ẹ̀."

3. Bàbá fi ọkọ̀ gbé ọmọ rẹ̀ lọ sílé. Ọkọ̀ kò tíì dé ìkòríta tó fi kó sí kòtò kékeré kan. Bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì yọ, táyà iwájú dùbúlẹ̀ gbalaja, ọkọ̀ sì rọ́ lu òkìtì táyà fọkanáísà kan létí ọ̀nà. A dúpẹ́ pé kò sẹ́ni tó fara pa. Kọ̀ǹpútà sáré dé, ó ń na bébà tí ẹ̀rọ tẹ̀ sí wọn, pé ẹ wò ó, gbogbo nọ́ńbà ló pé. Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa fọkanáísà. Bàbá pàápàá rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọdé ni, yóò gbọ́n.

Ọmọbìnrin náà kò rẹ́rìn-ín.

"Èmi ni mo jókòó síwájú," ó ní. "Ojú ẹ ni mo ṣe wọ ọkọ̀, síbẹ̀ ẹ̀rọ lò ń wò. Mi ò fẹ́ mọ́."

Ó fẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Ó ti lọ́kọ báyìí. Kọ̀ǹpútà ń mi gbogbo táyà tó bá rí, títí kan ti kẹ̀kẹ́ ọmọdé, ṣùgbọ́n ìyẹn ò dá ọmọbìnrin náà padà fún un.

Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni to ẹsẹ̀ ọkọ̀ yín láìkọ́kọ́ mi táyà wò. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ má jẹ́ kí fáàrí gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín. Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.