Ewúrẹ́ Ìyàwó Mi

Ọ̀la ni wọn yóò pa ewúrẹ́ ìyàwó mi fún ogójì ọjọ́ ikú rẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe gbé àtùpà àti ọ̀dà tí mo fi ń ya àwòrán sí ẹ̀yìnkùlé lálẹ́, nítorí ohun tí ojú mi bá ń wò nìkan ni mo lè yà. Ṣùgbọ́n ẹran náà kò dúró.

“Bàbá Mojí, ẹran tí a máa jẹ lọ́la lẹ ń yà?” Wúràọlá, àbúrò ìyàwó mi, ló di okùn rẹ̀ mú. “Ẹ kúkú ya ọbẹ̀ mọ́ ọn.”

“Dì í mú dáadáa.”

“Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló máa ń dúró fún. Tí wọ́n bá ti ń họ ọ́ lọ́rùn, kì í mira.”

Ewúrẹ́ náà dúró jẹ́ẹ́. Ó na ọrùn, ó dijú. Mo ti ń ya irun ọrùn rẹ̀ kí n tó rí i pé irun náà tẹ̀ níbi mẹ́rin tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tó ń lọ, tó ń bọ̀.

“Wúrà, fi ọrùn rẹ̀ sílẹ̀.”

“Ara okùn ni ọwọ́ mi méjèèjì wà.”

Irun náà padà sípò. Ewúrẹ́ lajú, ó ń fi ojú sin nǹkan kan bọ̀ sọ́dọ̀ mi. Wúràọlá ti jọ̀wọ́ okùn, ṣùgbọ́n ẹran náà kò sá. Ẹ̀yìn àga mi ló tẹjú mọ́.